Fáàfù Kékeré Tí Ń Ṣọ́ Ọ́ìlì Nínú Mọ́tò Àtijọ́

Nínú gbogbo irin tí ó para pọ̀ di ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́, bí a bá yọ písítìnnì tí gbogbo ayé mọ̀ sọ́tọ̀, tí a yọ kàbúrétọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yangàn, tí a sì yọ plọ́ọ̀gì àti díńámò tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pàápàá lè tọ́ka sí láìbéèrè, a óò rí fáàfù kékeré kan tí kò tó ìka ọwọ́ ní gígùn, tí ó sá pamọ́ sínú ihò lára bílọ́ọ̀kù, tí sípíríǹgì kan ṣoṣo ń tì lẹ́yìn, tí nọ́ọ̀tì kan sì dé mọ́ ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, kí ó máa wọn ipá tí ọ́ìlì náà ní, kí ó sì ṣínà fún un láti padà sí ìsàlẹ̀ nígbàkígbà tí ipá náà bá fẹ́ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì lè gbà. Mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún, nítorí mo gbà pé díẹ̀ ni ohun tí àwọn tí ń tọ́jú mọ́tò àtijọ́ ṣì lóye tó o, àṣìlóye náà sì ti ba ẹ́ńjìnnì rere jẹ́: ọ̀pọ̀ wọn rò pé òun ni ó ń fún ọ́ìlì ní ipá, nígbà tí ó jẹ́ pé gbígbà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó lè mọ iyì fáàfù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Kírànkì ẹ́ńjìnnì a máa yí nínú bẹ́rìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni iná epo tí ń bú gbàmù lórí písítìnnì ń tì í mọ́lẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí irin bá fi ara kan irin lásán ní irú ibẹ̀, kò ní pẹ́ tí ojú bẹ́rìn yóò fi yọ́, tí kírànkì yóò sì há gádígádí. Ọ́ìlì ni ó ń bẹ láàárín àwọn méjèèjì, ọ́ìlì apẹ̀tùsíjà-irin, amóoru-rọlẹ̀, afọdọ̀tí-láìlọ́wọ́, tí ó tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú kò ti lè rí i, síbẹ̀ tí ó gbé gbogbo ìwúwo náà dání. Ní ọdún 1883, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beauchamp Tower ń ṣe àyẹ̀wò bẹ́rìn irú èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń lò, ó sì lu ihò sí orí bẹ́rìn náà kí ó lè gba ibẹ̀ rọ ọ́ìlì sí i. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí yí, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, ńṣe ni ọ́ìlì ń tú jáde láti inú ihò náà. Ó fi kọ́ọ̀kì dí i, ọ́ìlì tì í jáde; ó fi èèkàn igi dí i, ọ́ìlì tún tì í jáde. Nígbà tí ó wá fi géèjì sí i, géèjì fi hàn pé ipá tí ó wà níbẹ̀ ju pọ́ùn 200 lọ lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹrù tí a gbé lé bẹ́rìn náà, bí a bá pín in kárí gbogbo ojú rẹ̀, kò ju nǹkan bí pọ́ùn 100 lọ. Kò sì sí pọ́ǹpù kankan níbẹ̀! Ní 1886 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Osborne Reynolds fi ìṣirò là á yé ayé pé ọ̀pá tí ń yí ni ó ń fa ọ́ìlì wọ inú àyè tí ń fún lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín òun àti bẹ́rìn, tí ọ́ìlì náà, nígbà tí kò rí ibi sá sí, fi gbé ọ̀pá náà kúrò lórí irin.

Mo tẹ ẹsẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo èyí tí ó kù. Kì í ṣe ipá tí géèjì ń fi hàn wá níwájú dírẹ́bà ni ó gbé kírànkì dúró. Kírànkì ni ó ń gbé ara rẹ̀ bí ó ti ń yí, kìkì bí ọ́ìlì bá ti wà nítòsí tí ó tó o. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́dọ̀ pọ́ǹpù kò ju pé kí ó gbé ọ́ìlì tútù tí ó pọ̀ tó dé ẹnu bẹ́rìn kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró, kí èyí tí ó ti gbóná níbẹ̀ lè máa ṣàn kúrò pẹ̀lú ooru tí ó gbà.

Àwọn ẹ́ńjìnnì ìṣáájú kò tilẹ̀ ní ipá kan tí à bá máa ṣọ́. Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1908, kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì rárá: fùláíwíìlì ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni ó ń rì sínú ọ́ìlì tí ó sì ń fọ́n ọn sókè, tí páìpù kan ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí iwájú, tí àwọn kọ́ńrọ́ọ̀dù sì ń ta ìyókù káàkiri bí wọ́n ti ń yí. Austin Seven ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 1922, ní pọ́ǹpù ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù tóóró ni ó fi ń tu ọ́ìlì sí ara kírànkì bí ó ti ń kọjá, ipá tí ó sì ń lò kò ju pọ́ùn díẹ̀ lọ. Nínú àwọn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bọ́tìnnì kékeré kan ni ó wà níwájú dírẹ́bà, tí ọ́ìlì ń tì jáde láti fi hàn pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wá ń yára sí i, tí ẹrù tí bẹ́rìn ń gbé sì ń wúwo sí i, ọ̀nà àtẹ̀yìnwá wọ̀nyí kò tó mọ́. Wọ́n lu ihò gba inú kírànkì kọjá, wọ́n la ojú ọ̀nà sínú bílọ́ọ̀kù, wọ́n sì fi pọ́ǹpù alágbára ti ọ́ìlì lọ sí ibi gbogbo. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní ohun tí ó yẹ kí a fi olùṣọ́ tì.

Pọ́ǹpù tí a ń wí yìí, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kò ju jíà kékeré méjì tí wọ́n fi eyín bọ ara wọn nínú ilé irin tí ó fún mọ́ wọn pinpin. Ìwọ̀n ọ́ìlì tí ó wà láàárín eyín wọn ni wọ́n ń gbé kọjá nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yí, yálà ọ̀nà iwájú ṣí sílẹ̀ tàbí ó dí. Wọn kò mọ ẹ̀bẹ̀, wọn kò sì mọ ìdúró. Níbo wá ni ipá ti ń wá? Ẹni tí ó bá fi rọ́bà fa omi sí ọgbà rí mọ̀ ọ́n: bí ẹnu rọ́bà bá ṣí gbayawu, omi a kàn máa ṣàn sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ kù díẹ̀, omi náà a ta jìnnà, ọwọ́ ẹni a sì mọ̀ pé ó ń tì í. Àwọn àyè tóóró tí ó wà láàárín kírànkì àti bẹ́rìn ni àtàǹpàkò ọ́ìlì. Bí wọ́n ti ń fún sí ni ipá ń ga sí, bí wọ́n sì ti ń jẹ tí wọ́n ń fẹ̀ sí ni ipá ń lọ sílẹ̀. Pọ́ǹpù a mú ọ́ìlì wá, bẹ́rìn a sì dá a dúró. Láàárín àwọn méjèèjì ni a ti bí ipá, fáàfù kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Ìṣòro tí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì bá pàdé nìyí. Bí mọ́tò bá dúró nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lọ́sàn-án gangan, tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́ bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ́ìlì ti gbóná tí ó sì ti ṣàn bí omi, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tóbi tó láti mú kí ọ́ìlì ṣì tó gbogbo bẹ́rìn. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kan náà, bí ẹ́ńjìnnì bá yára di 4,000, yóò máa gbé ìlọ́po márùn-ún ọ́ìlì wá sí ojú àwọn àyè tí kò fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ọ́ìlì ṣì tutù tí ó sì ki bí oyin, ìdènà tí yóò bá pàdé tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí a kò bá la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀, jíà méjì tí kò mọ ìdúró wọ̀nyẹn yóò máa ti ọ́ìlì lọ títí tí gásíkẹ́ẹ̀tì fítà yóò fi fẹ́, tàbí tí kúlà tí ń mú ọ́ìlì tutù yóò fi ya, tàbí tí ohun tí ń yí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ yóò fi ṣẹ́, agbára tí ì bá gbé mọ́tò lọ a sì máa ṣòfò sórí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò nílò.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1680, Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó lọ ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ní ìlú London, ṣe ìkòkò irin kan tí ó dé pa tí ó fi ń se egungun títí yóò fi rọ̀, nígbà tí ó sì rí i pé ooru omi inú rẹ̀ lè fọ́ ìkòkò náà, ó lu ihò sí ọmọrí, ó fi nǹkan dí ihò náà, ó sì fi ọ̀pá tí a so òṣùwọ̀n mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ooru omi tí ipá rẹ̀ bá ju ti òṣùwọ̀n náà lọ lè gbé e kí ó sì jáde. Fáàfù ọ́ìlì inú mọ́tò, ọmọ ọmọ ìdérí yẹn ni. Sípíríǹgì ni ó gba ipò òṣùwọ̀n.

Oríṣiríṣi ìrísí ni a ti rí i. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, ọta irin róbótó ni ó ń jókòó sí ẹnu ihò. Nínú àwọn mìíràn, ife irin kékeré ni. Nínú àwọn mìíràn sì ni písítìnnì kékeré tí ń lọ sókè sódò nínú ihò tí a gbẹ́ fún un. Ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Ká sọ pé ojú fáàfù tí ọ́ìlì ń tì jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì onígun mẹ́rin kan, tí a sì fẹ́ kí ó ṣí nígbà tí ipá ọ́ìlì bá di pọ́ùn 60 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan: sípíríǹgì tí a ó fi tì í lẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa tì í pẹ̀lú pọ́ùn 15. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́ìlì kò bá tì í tó pọ́ùn 15 yẹn, fáàfù kò ní mira, àfi bí ẹni pé kò sí nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, fáàfù a fà sẹ́yìn, ẹnu ihò a ṣí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ́ìlì a sì gba ibẹ̀ padà sí sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ó ti ń fà sẹ́yìn ni sípíríǹgì ń le sí i, nítorí náà ipá kì í dúró sójú kan pátápátá. A máa gòkè díẹ̀ bí ọ́ìlì tí ń kọjá bá ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n kò tún ní fò bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Morris Minor, tí Alec Issigonis yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1948, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù lọ láti wò. Láti 1952 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní A-series sí i, èyí tí ó ti kọ́kọ́ jáde nínú Austin A30. Ẹni tí ó bá wo ara bílọ́ọ̀kù rẹ̀ lápá ẹ̀yìn yóò rí nọ́ọ̀tì kan tí orí rẹ̀ rí róbótó, tí wáṣà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá tú u, sípíríǹgì kan yóò yọ, ife irin kan a sì tẹ̀ lé e. Pọ́ùn 60 ni wọ́n ṣe é fún, gígùn sípíríǹgì náà nígbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 2.86, kò sì sí ibì kankan tí a lè gbà yí i sókè tàbí sódò. Èyí yẹ fún ìyìn. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí àwọn tí ó ṣe wọ́n fi ìdè sí ẹ̀yìn sípíríǹgì tí a fi lè mú un le tàbí kí a dẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó ṣe A-series mọ ọwọ́ ọmọ ènìyàn, wọn kò sì fi irú ìdẹwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti Volkswagen ilẹ̀ Jámánì, kòkòrò irin tí Ferdinand Porsche dá sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn wa fi orúkọ ọkọ Yánníbo pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n sì tò ní ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ láti 1975. Ọkọ̀ yìí kò ní rédíétọ̀, kò sì ní omi. Afẹ́fẹ́ ni fáànù ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, lítà méjì ààbọ̀ ọ́ìlì péré tí ó wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìtutù tí omi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Kò tilẹ̀ ní fítà tí ń sẹ́ ọ́ìlì ju asẹ́ wáyà kan lọ. Kúlà ọ́ìlì kan ni wọ́n gbé sí ojú afẹ́fẹ́ náà, kí ọ́ìlì máa kọjá nínú rẹ̀ kí ó tó dé bẹ́rìn. Wàyí o, ní òtútù Wolfsburg, ìlú tí wọ́n ti ṣe é ní Jámánì, ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀, ọ́ìlì a le tó bẹ́ẹ̀ tí, bí a bá fi ipá tì í gba inú kúlà tí ó tẹ́ pẹlẹbẹ yẹn, kúlà a ya. Ó sì tún burú láti máa mú ohun tí kò tíì gbóná tutù. Ọwọ́ fáàfù kékeré wa ni wọ́n fi ọ̀ràn méjèèjì lé, ọgbọ́n tí wọ́n sì fi ṣe é jinlẹ̀.

Písítìnnì kékeré kan ni wọ́n fi sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítòsí pọ́ǹpù, sípíríǹgì ń tì í lọ sókè, ọ́ìlì ń tì í wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá tutù tí ó le, ipá rẹ̀ a pọ̀, a ti písítìnnì náà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà náà ni ọ̀nà méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó gbé ọ́ìlì lọ sí bẹ́rìn tààrà láìfi ẹsẹ̀ kan kúlà, àti èyí tí ó dá àṣẹ́kù rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì ti ń móoru tí ó sì ń rọ̀, ipá rẹ̀ a dín, sípíríǹgì a gbé písítìnnì sókè dé ìdajì, a dí ọ̀nà àdápadà, ọ́ìlì kan a máa gba kúlà, òmíràn a sì máa lọ tààrà. Nígbà tí ó bá gbóná tán, písítìnnì a dé òkè téńté, ọ̀nà àbùjá a dí, gbogbo ọ́ìlì a sì gbọ́dọ̀ gba inú kúlà kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ wò ó bí irin kan ṣoṣo, láìní iná mànàmáná, láìní ohunkóhun tí ń wọn ooru, ti ń mọ ìgbà tí ọ́ìlì gbóná àti ìgbà tí ó tutù, nípa líle àti rírọ̀ rẹ̀ nìkan! Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1970, wọ́n fi èkejì kún un ní apá fùláíwíìlì, tí sípíríǹgì tirẹ̀ kúrú ju ti àkọ́kọ́, kí ó máa ṣọ́ ipá ọ́ìlì tí ó ti kúrò ní kúlà tí ó ń lọ sí bẹ́rìn. Nílẹ̀ wa níbí, òwúrọ̀ ọyẹ́ kò lè mú ọ́ìlì le bí ti Wolfsburg, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yàtọ̀, ìparun tí ń tẹ̀ lé àìṣiṣẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀.

Bí písítìnnì yìí bá há sí òkè, ọ́ìlì tútù kò ní rí ọ̀nà àbùjá, kúlà ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún wa, nítorí ọ́ìlì yóò máa jò lára rẹ̀ ní òwúrọ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí mọ́tò. Bí ó bá há sí ìsàlẹ̀, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ́ìlì gbígbóná kò ní dé kúlà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò sì máa padà sí ìsàlẹ̀ láìṣiṣẹ́, títí iná ọ́ìlì yóò fi tàn níwájú dírẹ́bà. Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iná náà jù. Nínú Ìjàpá, kò ní tàn títí ipá yóò fi lọ sílẹ̀ dé bíi pọ́ùn 2 sí 6, nígbà tí ìwé àwọn tí ó ṣe é wí pé, pẹ̀lú ọ́ìlì SAE 30 tí ó gbóná dé 70°C, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní 2,500, ipá yẹ kí ó jẹ́ pọ́ùn 42, bí ó bá sì ti wá sí 28, ẹ́ńjìnnì ti jẹ dé ààlà. Láàárín 28 àti 6 yẹn, ẹ́ńjìnnì lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí iná kan tí yóò tàn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ yá géèjì, kí ó yọ súwíìṣì iná ọ́ìlì náà, kí ó fi géèjì sí ojú ihò rẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí iye tí ó wà níbẹ̀.

Ohun tí géèjì bá sọ ní ìtumọ̀, bí a bá mọ̀ ọ́n kà. Bí ipá bá dára nígbà tí mọ́tò ń sáré, ṣùgbọ́n tí ó bá lọ sílẹ̀ gidigidi nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ó sì ń yí jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru fáàfù. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí fáàfù wà ní pípa, kò sì sí nínú ọ̀ràn. Bẹ́rìn ni ó jẹ, tàbí pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n bí ipá kò bá gòkè rárá, yálà ní òwúrọ̀ tàbí lọ́sàn-án, yálà ní ìrìn jẹ́jẹ́ tàbí ní eré, pàápàá bí ó bá jẹ́ lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀, nígbà náà ni kí a wo fáàfù, nítorí ègé irin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan tàbí èérún ìdọ̀tí tí ó há sí abẹ́ rẹ̀ tó láti mú kí ó ṣí sílẹ̀ títí lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ipá ń gòkè ní òwúrọ̀ ju ti ìgbà gbogbo lọ tí kò sì dúró níbi tí ó yẹ kí ó dúró, fáàfù ti há ní pípa, kí a sì má ṣe tẹ ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀ títí a ó fi tú u wò.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Àwọn kan wà tí, bí wọ́n bá ti rí i pé géèjì ti lọ sílẹ̀, wọ́n a tú nọ́ọ̀tì fáàfù, wọ́n a fi wáṣà kan tàbí méjì sí ẹ̀yìn sípíríǹgì kí ó lè le sí i, wọ́n a sì dá mọ́tò padà fún olówó rẹ̀ pé ó ti yá. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí bẹ́rìn bá ti jẹ, fáàfù tí a mú le kò lè fi pọ́ùn kan kún ipá tí ó wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí ó ń yí jẹ́jẹ́, nítorí kò sí ní ṣíṣí nígbà náà. Ohun tí yóò ṣe kò ju pé kí ipá ga ju bí ó ti yẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì àti kúlà kò lè gbà á. Olówó mọ́tò yóò rí géèjì tí ó gòkè ní òwúrọ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì máa wakọ̀ lọ lórí bẹ́rìn tí ń parun. Bákan náà ni ti àwọn tí ń da ọ́ìlì tí ó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ lọ sí i. Géèjì a gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gòkè nítorí pé ọ́ìlì kò rí àyè kọjá dáadáa ni; èyí tí ó ń dé bẹ́rìn ti dín kù, ooru tí ì bá gbé kúrò níbẹ̀ sì ṣẹ́kù sí i lára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko koko.

Títọ́jú fáàfù kò nira. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè rọ̀, kí a pa á, kí a gbé nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ láti gba ọ́ìlì tí yóò dà, kí a sì tú ìdérí náà pẹ̀lú sùúrù, nítorí sípíríǹgì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí ń tì í. Ti Ìjàpá a máa ní ojú tí ó fẹ̀ fún súkúrú-díráfà ńlá. Bí a bá fi èyí tí ó kéré jù tú u, ojú náà a fọ́, wàhálà a sì di méjì. Bí písítìnnì bá kọ̀ tí kò jáde, a máa ń fi irin tí a fi ń la ojú ìdè, oní mílímítà 10, wọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí a fi fà á jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òòlù gbá a láti ibikíbi. Lẹ́yìn náà ni kí a wò ó ní ojú ọ̀sán. Bí ó bá ní àpá lára, kí a fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ tí a ti rẹ sínú ọ́ìlì fọwọ́ ra á títí yóò fi máa fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan lọ sísàlẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí a rà tuntun. Kí a wọn sípíríǹgì: ti Ìjàpá tí ó ní fáàfù kan ṣoṣo yẹ kí ó wà láàárín mílímítà 62 sí 64 nígbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó ti kúrú, kí a má ṣe fà á gùn. Kí a sọ ọ́ nù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ní fáàfù méjì, kí a má ṣe pààrọ̀ sípíríǹgì wọn mọ́ ara wọn: èyí tí ó gùn wà fún ti àkọ́kọ́ ní apá púlì, èyí tí ó kúrú fún apá fùláíwíìlì. Ti Morris Minor, ibi tí ife irin ń jókòó sí ni kí a wò dáadáa. Ó yẹ kí òrùka kan tí ń dán yí ojú rẹ̀ po láìgé níbì kankan, bí ó bá sì gé, a lè fi páwúdà tí a fi ń lọ fáàfù, tí ó kúnná, lọ ọ́ díẹ̀ títí òrùka náà yóò fi pé, kí a sì wẹ gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní kí èérún páwúdà má baà dé bẹ́rìn.

Wáṣà tuntun ni kí a máa lò nígbà gbogbo tí a bá fẹ́ dì í padà. Kí a tó tan iná sí ẹ́ńjìnnì, kí a yọ wáyà tí ó ti kọ́ìlì wá, kí a fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ọ́ìlì lè ti dé bẹ́rìn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a dá wáyà padà, kí a ṣí mọ́tò, kí a jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, kí a tún fi géèjì wọn ipá rẹ̀ ní ìrìn jẹ́jẹ́ àti ní 2,500, kí a kọ iye méjèèjì sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ àti irú ọ́ìlì tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí géèjì tí a wò lẹ́ẹ̀kan kò lè sọ bí bẹ́rìn ti ń jẹ tó. Iye tí a kọ lónìí àti èyí tí a óò kọ lọ́dún tí ń bọ̀ ni yóò sọ ọ́.